Báwo ni ìgbésí ayé ẹlẹ́wọ̀n ṣe rí ní Eastern State Penitentiary, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?
Òun nìkan ló máa ń wà nínú yàrá rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kì í bá ẹlẹ́wọ̀n mìíràn sọ̀rọ̀. Ọdún 1829 ni wọ́n gba ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ń mú un kọjá, wọ́n á fi aṣọ bò ó lórí dé ojú, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Inú yàrá náà ló ti ń jẹun, tó ti ń ṣe bàtà tàbí hun aṣọ. Wákàtí kan péré lóòjọ́ ló ń lò nínú àgbàlá kékeré tí wọ́n mọ odi yí ká. Wọ́n gbà pé ìdákẹ́jẹ́ á mú un ronú pìwà dà, àmọ́ ìyà ńlá ni. Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Auburn ní New York yàtọ̀: àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.