Ètè Ológbò Mi Wú, N Kò sì Rí Ohun Tó Fà Á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ológbò mi kò tíì pé ọdún kan; ọmọ oṣù 8 ni. Láti àná ni ètè rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀ ti wú. N kò rí ojú egbò kankan, nítorí náà n kò rò pé ó bá ológbò mìíràn jà. Ó ń jẹun, kò sì ké nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Aládùúgbò mi ní kí n fún un ní ìdajì hóró paracetamol kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Ṣé kí n fún un, àbí kí n ṣì máa wò ó?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe fún un ní paracetamol rárá, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti sọ oògùn yìí di aláìléwu bí ti ènìyàn. Ṣe ni yóò ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́, hóró kan ṣoṣo sì lè pa á. Ojú wíwú àti ọwọ́ wíwú wà lára àmì májèlé náà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó lò ó lè máa rò pé àìsàn ti tẹ́lẹ̀ ló ń le sí i. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nísinsìnyí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fún un gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bó ṣe ń mí. Bó bá ń lanu mí, tí èrìgì rẹ̀ funfun tàbí tó dúdú bí aró, tàbí tí wíwú náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, kò sí ohun tí à ń dúró dè mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Bó bá ń mí dáadáa, bí wíwú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni yóò júwe ohun tó fà á. Èyí tó yọ láàárín wákàtí díẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti oyin tàbí agbọ́n tó ta á, nítorí ẹnu ni ọmọ ológbò fi ń mú ohun tó bá ń fò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tó gbóná, tó ń dùn ún, tí ẹnu sì ń rùn, ọyún ló sábà wà níbẹ̀. Pé ẹ kò rí egbò kò fi hàn pé kò jà o: eyín ológbò tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, awọ a sì tètè bo ojú ihò tó dá sílẹ̀ nígbà tí ìdọ̀tí ṣì wà nísàlẹ̀. Eyín pípààrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń parí ní nǹkan bí oṣù 6 sí 7, nítorí náà n kò ní gbára lé e fún ológbò yín.

Ohun tí mo fura sí jù, níwọ̀n bó ti ń jẹun tí kò sì dùn ún, ni ohun tí àwa dókítà ń pè ní eosinophilic granuloma. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ló ń kóra jọ sínú ètè tàbí àgbọ̀n nígbà tí ara ológbò bá kọ nǹkan, bí ìgéjẹ kòkòrò tó ń gbé inú irun rẹ̀ tàbí irú oúnjẹ kan. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Lára ológbò kékeré, ó lè lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè máa padà wá. Oògùn tó ń pa kòkòrò inú irun la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún ajá tó ní permethrin (oògùn apakòkòrò kan) nínú lè pa ológbò. Bí ìyẹn kò bá ràn án, dókítà lè yí oúnjẹ rẹ̀ padà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹ tún wò ó bóyá ó gé wáyà iná jẹ, nítorí omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí òwú lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ẹ má fà á. Ìdí rẹ̀ lè ti wọ inú ìfun, kí ó sì gé e.

Ẹ lè wò ó di ọ̀la bí kò bá sí èyíkéyìí nínú àwọn àmì eléwu wọ̀nyí. Bí wíwú náà kò bá tíì lọ sílẹ̀ nígbà náà, tàbí bí ó bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ. Bí dókítà bá fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ steroid (oògùn tó ń dín wíwú kù), ẹ rọ̀ ọ́ kí ó kọ́kọ́ fa díẹ̀ nínú ohun tó wú náà jáde fún àyẹ̀wò, nítorí steroid lè bo ohun tí àyẹ̀wò ìbá fi hàn mọ́lẹ̀.