Anime wo ni kí n kọ́kọ́ fi han àwọn ará ilé mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé, èmi ni mo sì kó bá ara mi. Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, ilé kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Èkó ń pariwo, mo ní kí n fi anime, ìyẹn káàtúnù Jàpáànù, kan sí lápútọ́ọ̀pù kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́. Grave of the Fireflies ni mo fi sí i torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, kó tó parí, ọmọ ọdún méje ń sunkún, ìyá ẹ̀ ń sunkún, ìyá àgbà tó ń gé ẹran Iléyá lọ́ọ̀ọ́kán ní irú ìlú wo nìyẹn tí ebi á pa ọmọ tí ò ní sí aládùúgbò kankan tó máa fún un lóúnjẹ. Látọjọ́ yẹn, tí n bá ti dárúkọ anime báyìí, wọ́n á ní kí n lọ jókòó. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n wò ó ṣá. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, tí ò ní gùn jù, torí ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní fíìmù yẹn dáa ò purọ́ fún ẹ, kò kàn bi ẹ́ pé àwọn wo lo fẹ́ fi hàn ni. Ogun ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Kobe lọ́dún 1945, kódà ọmọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọjọ́ tó kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Èmi alára, ibi tí àbúrò ẹ̀ ti ń la òkúta gíláàsì bíi pé suwíìtì ni, mo pa á, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ kejì ni mo tó lè wo èyí tó kù. Kì í ṣe gbogbo káàtúnù ló wà fún ọmọdé, àṣìṣe tí gbogbo wa máa ń ṣe nìyẹn.

Èyí tó wá dùn mí fún ẹ ni pé ọjọ́ kan náà, nínú oṣù kẹrin 1988, ni Studio Ghibli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe anime, gbé fíìmù yẹn jáde pẹ̀lú My Neighbor Totoro. Takahata ló darí tìrẹ, Miyazaki ló darí Totoro, ká ní ìyẹn lọwọ́ ẹ bà ni, wọn ò bá máa bẹ̀ ẹ́ báyìí. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 26 péré ni. Ọmọbìnrin méjì bá bàbá wọn kó lọ sí abúlé, wọ́n rí iwin kan tó ń gbé inú igi ràbàtà, ta ló sì máa ṣàlàyé iwin inú igi fún ará Ìjẹ̀bú? Kò síjà, kò sí ìkà èèyàn kankan. Dúró de ibi ibùdókọ̀ yẹn, òjò ń rọ̀, iwin gbọ̀ngbọ̀nràn yìí fi ewé kan borí, ọmọ náà yá a ní agboòrùn, ó wá gbọ́ bí òjò ṣe ń kán tó-tó-tó lórí ẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè kó lè já lulẹ̀ kí omi orí igi rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì gbé agboòrùn tí wọ́n yá a lọ o. Sọ fún ìyá àgbà ṣáájú pé ìyá àwọn ọmọ yẹn wà ní ọsibítù ṣùgbọ́n kò kú.

Àwọn èèyàn máa ní kó o fi Spirited Away bẹ̀rẹ̀, torí ó gba Oscar ní 2003. Òun ni mo fẹ́ràn jù, bàbá àti ìyá jẹ oúnjẹ tí wọn ò fi lọ̀ wọ́n, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀, àjẹ́ gba orúkọ ọmọ wọn, tó bá gbàgbé orúkọ yẹn kò lè délé mọ́. Àmọ́ ó lé ní wákàtí méjì, nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn mì, àwọn kéékèèké á bẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kó o fi hàn wọ́n.

Ti ìyá àgbà àti ìyá àwọn ọmọ, Wolf Children (2012). Ọkọ kú, obìnrin kan ń dá tọ́ ọmọ méjì tó máa ń di ìkookò, ó kó wọn lọ sóko, gbogbo ohun tó gbìn kú títí bàbá arúgbó kan tó le bí ojú ẹja fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáko. Ìyá àgbà á bá a dá sí i ni. Fi Akira sílẹ̀ fún ara ẹ, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mugen Train, fíìmù Demon Slayer, náà, àárín ìtàn tẹlifíṣọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn máa bi ẹ́ pé ta nìyí, ta nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ (láti Ṣágámù): Ṣé ká wò ó lédè Jàpáànù ká máa ka ti ìsàlẹ̀, àbí èyí tí wọ́n fi òyìnbó sọ?

ÌDÁHÙN: Tọ́mọdé bá wà níbẹ̀, ti òyìnbó, ìwé kíkà á sú wọn. Ẹ̀yin nìkan, ti Jàpáànù. Ní tàwọn àgbà, mo jókòó ti màmá mi ní Ìpẹru, mò ń túmọ̀ Totoro fún wọn, wọ́n ní kí n panu mọ́, pé àwọn ti mọ ohun tí ọmọ yẹn ń bá iwin sọ.