Ṣé ọlọ́pàá lè tú fóònù mi wò lójú ọ̀nà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mò ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró kí n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Wọ́n yẹ pátíkúlà wò, wọ́n ṣí búùtù, wọn ò rí nǹkan kan. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ní kí n ṣí fóònù mi, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi lórí WhatsApp. Ṣé òfin fún un láṣẹ?

Ìdáhùn: Rárá, bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, òfin kò fún un láṣẹ. Ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró, ó sì lè béèrè láísẹ́ńsì àti pátíkúlà, ẹ má bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Abala 45 gbà kí á fi òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú. Níbi tí kò bá ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín dúró.

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 là á sílẹ̀ pé kí ọlọ́pàá tó tú ènìyàn tàbí ọkọ̀ rẹ̀ wò, ó gbọ́dọ̀ ní ìfura tó nídìí, bíi kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú ọkọ̀ yín gan-an ni àwọn olè gbé sá kúrò ní Òmù-Àrán. Òfin náà ní ọjọ́ orí, irun orí àti ìmúra kò tó ìdí. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù, torí àwọn ọ̀dọ́ tó dirun tàbí tó gbé kọ̀ǹpútà sápò ni wọ́n sábà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárì, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fura sí tí ẹ fi fẹ́ wo fóònù mi?” Bí wọ́n bá fi agbára gbà á, ẹ má jà á gbà, ẹ kàn sọ ọ́ ketekete pé ẹ kò yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá mú yín lọ sí àgọ́ wọn, abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò.

Ẹ má sì rò pé ohun tí wọ́n bá rí nínú ìtúwò tí kò bófin mu ti di asán: abala 14 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba adájọ́ láyè láti tẹ́wọ́ gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ní ti ìyà tí wọ́n fi jẹ yín, abala 46 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹ gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ìpínlẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn Kwárà níbí. Nítorí náà, lónìí gan-an, ẹ kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá náà sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti aago tó lù nígbà náà.