Kí ẹ tó gba mọ́tò àti afinimọ̀nà yí Àjàṣẹ́ ká

Àǹtí wa, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ ní ẹ ń mú ìyá yín bọ̀ láti Abẹ́òkúta, pé wọ́n ti lé ní 70, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ fẹ́ gba mọ́tò àdáni pẹ̀lú afinimọ̀nà kí ẹ fi yí àwọn àdúgbò Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, olú ìlú ilẹ̀ Benin) ká, kí ẹ sì tún dé ọjà Àjàrá lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá béèrè pé wákàtí mélòó ni kí ẹ gbà. Mo rí i tí ẹnìkan ti dáhùn pé wákàtí mẹ́rin ti tó. Ó tó o, fún ẹni tó bá fẹ́ wo ìlú láti ojú fèrèsé mọ́tò kó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ.

Awakọ̀ ọ̀tọ̀, afinimọ̀nà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun nìkan á wakọ̀, òun náà á sì máa ṣàlàyé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì pe ẹlòmíràn. Ọ̀nà inú àdúgbò àtijọ́ tóóró gan-an, ibi tó dùn ún wò jù ni mọ́tò ò lè wọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni yẹn á ní òun ò lè fi mọ́tò sílẹ̀. Ọmọ tó wà ní ìdí ògiri á wá ní òun á mú yín wọlé, òun náà á gba tirẹ̀. Ẹ ti wá sanwó afinimọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì tíì gbọ́ ìtàn kankan.

Nígbà tí ẹ bá ń dúnàá dúrà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "owó ọjọ́" pa yín lẹ́nu mọ́. Láti aago mélòó sí aago mélòó ni ọjọ́ náà? Bí ẹ bá fi wákàtí kan kọjá rẹ̀, èló ni? Ṣé ìgbà tí mọ́tò bá dúró dè yín náà wà nínú rẹ̀? Ìdúró yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí nínú wákàtí méje, mọ́tò lè má rìn tó wákàtí méjì; ìyókù, abẹ́ igi ló wà. Awakọ̀ tó bá ní ìrìn nìkan lòun ń kà á gba owó kékeré lẹ́nu, á sì wá fi ìdúró gba ńlá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Oúnjẹ ọ̀sán awakọ̀ àti ti afinimọ̀nà ńkọ́? Owó ìwọlé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣé ẹ̀yin méjì nìkan lẹ máa san án fún ni àbí ti afinimọ̀nà wà níbẹ̀? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp, kí ẹ kọ ọ́ ní sẹ́fà, owó ilẹ̀ Benin, kí ẹ̀yin àti awakọ̀ sì jọ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. Ìdá kejì, ẹ san án lọ́sàn-án. Ìyókù, ó di ìgbà tí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé tí ẹ dé sí, tí ẹrù yín sì ti jáde nínú búùtù.

Ọ̀rọ̀ epo nìyí, ẹ fetí sí i dáadáa. Wọ́n á ní "owó mọ́tò nìyẹn, epo wà lọ́wọ́ yín." Láàárọ̀, mọ́tò á dé, ọ̀pá epo á ti wà lórí pupa, ibi tí ẹ ó sì kọ́kọ́ yà kò ní jẹ́ ààfin, ìdí tábìlì oníkpáyò, àwọn tó ń ta epo fàyàwọ́, ni, níbi tí wọ́n to ìgò epo sí létí títì. "Ẹ ra lítà ogún, màmá." Ogún fún kí ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá yí inú ìlú ká, tí ẹ dé àdúgbò Wándó, tí ẹ lọ Àjàrá tí ẹ sì bọ̀, kò lè ju nǹkan bí 40 sí 50 kìlómítà lọ. Mọ́tò kékeré ń jẹ lítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní 100 kìlómítà, ìyẹn jẹ́ pé márùn-ún ti tó fún ìrìn. Bí wọ́n bá dúró tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì torí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi nǹkan bíi lítà kan kún un fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́wàá, kódà pẹ̀lú ìdúró, á tó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ogún yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jẹ ẹ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ní epo wà nínú iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kí òun fúnra rẹ̀ sì rà á ní ibùdó epo. Wọ́n máa ń da omi tàbí nǹkan mìíràn mọ́ kpáyò, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dí fílítà, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á máa húkọ́, á kú. Ìyá ẹni ọdún 70 kọ́ ló yẹ kó jókòó sínú mọ́tò tó kú lójú oòrùn.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ ní kó fi káàtì gríìsì (ìwé mọ́tò) hàn yín, àti ìwé asuráńsì, àti ìwé àyẹ̀wò mọ́tò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa parí. Ojú lè fẹ́ tì yín, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá dá a dúró tí ìwé kan ti kú, wákàtí yín ló ń lọ, awakọ̀ á sì máa wo ojú yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ wo táyà àfipààrọ̀ àti jáàkì pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò tiyín wọlé láti Ìdí-Ìrókò, ìyẹn tún yàtọ̀: ìwé ìyọ̀ǹda mọ́tò láti ẹnubodè, káàdì asuráńsì aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, ìwé ìdánimọ̀ tiyín àti ti ìyá, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn kan ní ìdí tábìlì tí wọ́n ń béèrè "owó kékeré" tí wọn ò sì ní já ìwé kankan fún yín. Ẹ máa fi sùúrù béèrè ìwé owó náà lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í fẹ́ràn ìbéèrè yẹn rárá. Ní tèmi, ẹ fi mọ́tò yín sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Afinimọ̀nà wá kù. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé káàdì kọ́ ọrùn, tí ẹnu wọn ń yọ déètì bí ẹni ń ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́: Toffa jọba láti 1874 sí 1908, ìlú di olú ìlú ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní 1900. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ló wà níbẹ̀ kí Te-Agdanlin, ọmọ ọba tó dá ìjọba Àjàṣẹ́ sílẹ̀, tó ti Àládà dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Àwa Yorùbá ní ìtàn tiwa: àwọn ọdẹ tó tẹ ìlú dó, àti Abẹ̀sán olórí mẹ́sàn-án tó yọ sí wọn, tí ojúbọ rẹ̀ ṣì wà lónìí. Àdúgbò Accron ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Afinimọ̀nà tó bá gbé yín láti ààfin Honmè tààrà sí ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) láì dé Accron, ó ti gé orí ìtàn náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ dán an wò lórí fóònù: ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó ti kọ́kọ́ kí bí ẹ bá dé ojúbọ Abẹ̀sán? Bó bá dárúkọ ilé tàbí oyè kan láì rò ó, òun ni kí ẹ mú. Bó bá ní "kò sí wàhálà, gbogbo wọn ló mọ̀ mí," ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó gbọ́ Ègùn àti Yorùbá méjèèjì, torí ìyá ò ní gbádùn ìtàn tí wọ́n ń tú láti Faransé.

Ẹ má ya fọ́tò ojúbọ kankan kí ẹ tó gba àṣẹ, kódà àwọn gbàgede ìbọ tí wọ́n tún kùn tó rẹwà yẹn. Ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà béèrè, kí ẹ sì ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ẹyọ 100 àti 200, bébà 500 àti 1,000. Ẹ má yọ 10,000 jáde níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní ṣéńjì. Kí afinimọ̀nà tún wádìí lọ́jọ́ tó ṣáájú bóyá Orò ń jáde ní àdúgbò kankan. Obìnrin lẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò sì nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Zangbeto, ọdẹ òru àwọn Ègùn, lè wà níta, ẹ wà nílé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ti wo mọ́ṣáláṣí ńlá tán kí aago méjìlá tó lù. Ìyẹn ni mọ́ṣáláṣí tí àwọn Àgùdà kọ́ tí iwájú rẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn yín kí wọ́n sì wakọ̀ lọ.

Ti orúnkún ìyá: ẹ má gba jíìpù gíga, wọn ò ní lè gòkè rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Ẹ má sì gba èyí tó wà nílẹ̀ jù, dídìde níbẹ̀ ló ń pa orúnkún. Ìjókòó tó bá ìbàdí wọn mu ló dára, níwájú, kí wọ́n ti àga sẹ́yìn. Ẹ gbé àga kékeré tó ṣeé ká dání. Ní Accron àti ní àwọn ilé Àgùdà, wọ́n lè jókòó sójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni àgbà ilé kan á jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀ ju bó ṣe máa bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ máa wo òkè pẹ̀lú: amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn, àwọn mìíràn ti ń ya. Ẹ má dúró sábẹ́ bákónì. Láti oṣù kẹrin sí ìkeje, òjò ń sọ àwọn ọ̀nà inú di ẹrẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó ní ìdè.

Ibi ìtura tó mọ́ àti oúnjẹ ọ̀sán, Songhai, oko àwòkọ́ṣe tó wà ní Wándó, ni kí ẹ lọ. Bàbá Nzamujo, àlùfáà Dominican, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Oko, ẹja, ẹran ọ̀sìn àti gáàsì tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe, gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn. Wọ́n ní afinimọ̀nà tiwọn, tiyín á jókòó. Ibẹ̀ tóbi, ìyá lè dúró nílé oúnjẹ. Ọ̀sán ni mo ní kí ẹ lọ síbẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìjọba àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Honmè sí aago kan ọ̀sán. Ẹ pè kí ẹ tó lọ pẹ̀lú, torí wọ́n máa ń ti ibẹ̀ láti tún un ṣe. Lórí Google Maps, Wándó lẹ ó rí gẹ́gẹ́ bí Ouando, Àjàrá gẹ́gẹ́ bí Adjarra.

Ọjà Àjàrá wàyí o. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Awakọ̀ tó gbọ́ Faransé á ní ọjọ́ mẹ́rin, ìyá yín á ní ọjọ́ márùn-ún, wọn ò sì jiyàn: àwa ń ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Jímọ̀ ni òmíràn. Àwọn tó bá ka márùn-ún lọ́nà òyìnbó á dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á bá àtíbàbà òfìfo. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò, ẹ fi ìka lù ú, èyí tí ohùn rẹ̀ kò bá dún ketekete ti sán. Ìlù tí awọ rẹ̀ bá le lóòrùn ọ̀sán lè dẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ òjò, ẹ bi ẹni tó ṣe é bí wọ́n ṣe ń fà á.

Ẹ̀n-ẹ́n, wákàtí tí ẹ béèrè. Méje: aago méje àbọ̀ sí méjì àbọ̀. Àjàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, wákàtí kan àbọ̀; Accron àti ojúbọ, wákàtí kan; Honmè, ìṣẹ́jú 45; mọ́ṣáláṣí àti ilé àwọn Àgùdà, wákàtí kan; Songhai ló kẹ́yìn, ẹ jẹun níbẹ̀. Ìyókù ni ìrìn àti ìsinmi ìyá. Ẹ má fi ẹnubodè mọ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sun Àjàṣẹ́ ní alẹ́ tó ṣáájú. Bí ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ bá ti dájú, ẹ kọ ọ́ síbí, kí a bá yín ka ọjà Àjàrá.