Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn ló tàn mí jẹ

Àbúrò wa kan tó wà ní Dubai ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tó fẹ́ gbá rugby ẹlẹ́ni méje, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n ń pè ní sevens, níbi ìdíje Dubai Sevens. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lòun mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni eré ìṣẹ́jú 14 fẹ́ fi ẹni tó ń gbá 90 ṣe? Àbúrò, ohun tí èmi náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́dún tí wọ́n kọ orúkọ tèmi. Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà yẹn. Kí ọjọ́ kejì tó parí, orí àga oníke kan ni mo wà, yìnyín lábẹ́ itan, mò ń wo àwọn bàbá tó ti hewú bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá níwájú mi, nítorí ìdíje tàwọn àgbààgbà náà wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú 7, ìsinmi ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 7 mìíràn. Òótọ́ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé pápá tí ènìyàn 15 ń pín láàárín ara wọn nínú rugby ńlá náà ni wọ́n máa kó ẹ̀yin méje sí. Wọn ò gé ọ̀pá kan kúrò níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún mítà ló gùn, ó sì fẹ̀ tó bíi 70. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, tí bọ́ọ̀lù bá wà lápá ọ̀hún, o lè gbọ́wọ́ lé ìbàdí kí o mí sókè. Nínú sevens, ibi tí o ti ń mí yẹn ni ẹni tó ní ẹsẹ̀ máa gbà kọjá, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ.

Tó bá ti fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà yín, èyí tí wọ́n ń pè ní try, àmì 5 nìyẹn. Wọ́n á tún gbá a gba àárín òpó fún 2 lé e. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ló máa gbá bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n nà. Mi ò mọ̀ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi try kàn wá, mo sá lọ gbé bọ́ọ̀lù, mo sì gbé e sáàárín pápá bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san. Rẹfirí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé fèrè rẹ̀.

Ṣọ́ra fún káàdì yẹ́lò. Ìṣẹ́jú 2 péré ni wọ́n fi ń lé ènìyàn síta, ó sì máa dà bí eré lójú rẹ. A ń fi 12 sí 5 ṣíwájú nígbà tí ọ̀kan nínú wa di ẹni tó ń sá lọ mọ́rùn. Kó tó padà wọlé, 17 sí 12 ló bá, àwa sì ni 12.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí itan mi. Eré kọ́ ló pa mí, ìsinmi ni. Láàárín eré wa àkọ́kọ́ àti ìkejì, a ní bíi wákàtí mẹ́ta. A ti borí èkíní, inú wa ń dùn, mo jókòó sínú oòrùn, mo jẹ bọ́gà pẹ̀lú ọ̀dùnkún díndín, mo mu kóòkì méjì tó tutù bíi yìnyín, mò ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àwọn ará ibi iṣẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo kàn so okùn bàtà mi, mo wọlé. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè. O mọ̀ pé ó rí bí ẹyin, ibi tó bá wù ú ló ń ta sí. Ó ta sí ọ̀tún, mo yí padà gìrì láti lé e, ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn itan mi, pàù! Mo rò pé ẹnì kan ló sọ òkúta lù mí. Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè mọ ẹni náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Iṣan tèmi ló já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ilé mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan.

Nítorí náà, wá ibòji kí o tó wá oúnjẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì àti búrẹ́dì ti tó, kí o máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbọ́mugbọ́mu. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n bá gbé wá nínú kúlà, fi í sílẹ̀ di alẹ́. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ wọlé, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jẹ́jẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú títí òógùn á fi bò ọ́. Gbogbo ìgbà ni mo wí, kì í ṣe ti àárọ̀ nìkan.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà ọ́ jù ni ti dídá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dùbúlẹ̀. Ẹni tó ti ja gídígbò rí lórí iyanrìn nígbà èwe máa tètè mọ̀ ọ́n. Àwa oníbọ́ọ̀lù máa ń dúró ṣánṣán, a ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, ẹni náà á sì gbà wá kọjá bí afẹ́fẹ́. Tẹ orúnkún, gbé ẹsẹ̀ rẹ sún mọ́ tirẹ̀, fi èjìká lu itan rẹ̀, kí o di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí o má sì tú u sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbà á. Orí rẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Tó bá wà níwájú, orúnkún rẹ̀ ni yóò kí ọ. Má sì fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ láé, káàdì ni. Lọ sí etí òkun ní Jumeirah pẹ̀lú ẹnì kejì, kí ẹ máa dá ara yín ṣubú lórí iyanrìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹnì kan sọ pé eré òyìnbó ni, kí ló kàn wá. Nígbà tí England gba ife àgbáyé sevens àkọ́kọ́ ní Edinburgh lọ́dún 1993, tí wọ́n na Australia 21 sí 17, Andrew Harriman tí wọ́n bí ní Èkó ni balógun wọn, Adedayo Adebayo tí wọ́n bí ní Ìbàdàn sì wà nínú ikọ̀ náà. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, mo ráyè wo àwọn tó mọ̀ ọ́n ní pápá ńlá. Fiji ni kí o wò, àwọn tó na Great Britain 43 sí 7 nínú àṣekágbá Olympics ní Rio lọ́dún 2016, tí ìjọba wọn tẹ owó dọ́là 7 jáde nítorí rẹ̀. Má wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń gbà ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù ló ń ṣiṣẹ́ jù, òun ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣubú.

Lọ gbá a, àbúrò. Ṣùgbọ́n bẹ ọ̀gá rẹ pé kí o wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n fi ń pààrọ̀, kí o wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn eré àkọ́kọ́. O máa mọ̀ bóyá o fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ra rọ́bà tí a fi ń bo eyín, kí o ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí o sì gé e jẹ kó bá eyín rẹ mu ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ojú ọ̀nà Al Ain ni pápá náà wà, ó jìnnà sí ìlú, gbogbo ayé ló sì máa ń wá takisí lálẹ́, torí náà ti bá ẹni tó ní mọ́tò sọ ọ́ kalẹ̀. Kí o sì gé èékánná rẹ. Rẹfirí máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.