Ẹ̀jẹ̀ Ni Wọ́n Gbà, Ẹ̀dọ̀fóró Ni Wọ́n Ń Wò: Ìdáhùn sí Àwọn Òǹkàwé Wa

Láti ọdún 2025 tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kéde pé àwọn tí wọ́n bá fura sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára wọn yóò máa ṣe àyẹ̀wò DNA (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé ìtọ́ni nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) láti inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò dá lórí tábìlì wa. Mẹ́ta nínú wọn ni a dáhùn nínú ìwé ìròyìn tọ̀tẹ̀ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlera o. Ìyá mi, ẹni ọdún 68 tí wọn kò fa sìgá rí, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe wọ́n, ó sì ti ràn dé egungun. Ẹ̀jẹ̀ ni nọ́ọ̀sì gbà lápá wọn, ìgò méjì, wọ́n ní àbájáde rẹ̀ ni yóò sọ irú oògùn tí wọn yóò lò. Àwọn ẹbí ń sọ pé ńṣe ni wọ́n ń fi ìyá wa dánra wò. Kí ni ẹ̀jẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró? *(Ọmọbìnrin kan, Peckham, London)*

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí ìyá, kí Olódùmarè fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ fi àwọn ẹbí lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi wọ́n dánra wò. Bí sẹ́ẹ̀lì ara wa bá kú, DNA inú rẹ̀ a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń kú bẹ́ẹ̀, DNA tirẹ̀ sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti ara tó dá ṣáṣá. Ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní ilẹ̀ Faransé, Mandel àti Métais, ti kọ ọ́ pé DNA wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ohun tó dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà pípẹ́ ni pé ti jẹjẹrẹ lè má tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo DNA tó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìgò méjì tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ìgò lásán. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá bẹ́, DNA tiwọn yóò bo ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ yóò yí ẹ̀jẹ̀ náà kíákíá títí omi rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè yóò fi léfòó sókè, inú omi yìí ni wọn yóò sì ti wá DNA jáde.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni àyípadà nínú àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn apá DNA tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, bíi EGFR, ALK, ROS1, RET, MET, BRAF àti KRAS. Ẹ jẹ́ kí n fi EGFR ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo rò pé ó kan ìyá jù: a máa ń rí àyípadà rẹ̀ lára àwọn tí kò fa sìgá rí, pàápàá àwọn obìnrin, ju bí a ti ń rí i lára àwọn afàsìgá lọ. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó àkókò láti dàgbà àti láti bí sí i. Bí ó bá ti yí padà, kò ní dákẹ́ mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì máa bí lọ láìsinmi. Oògùn wà tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni osimertinib, oníhóró kan lójúmọ́, èyí tí aláìsàn ń gbé mì nílé ara rẹ̀ láìfi abẹ́rẹ́ sí i. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní FLAURA, oṣù 18.9 ni àárín iye àkókò tí àrùn náà fi wà ní ìdádúró lára àwọn tó lò ó, nígbà tó jẹ́ oṣù 10.2 lára àwọn tó lo oògùn EGFR ti àtijọ́. Kì í ṣe oògùn tí kò ní ìyọnu o: ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbẹ, èéyọ́ àti ìka tó ń dun ní ẹ̀bá èékánná wọ́pọ̀, dókítà yóò sì máa wo ọkàn aláìsàn.

Kí ló dé tí wọn kò fi gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró náà kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò? Wọ́n ṣì ń gé e, nítorí pé ẹran ara ni a fi ń mọ̀ dájú pé jẹjẹrẹ ni àti irú èyí tó jẹ́. Àmọ́ abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n ń gún wọ àyà, ohun tí wọ́n rí fà jáde sì lè má tó fún àyẹ̀wò jíìnì. Àkókò tún ń lọ. Nínú ìwádìí kan tó kó èèyàn 282 jọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ọjọ́ 9 ni àbájáde ẹ̀jẹ̀ gbà, ti ẹran ara gba 15. NHS ní tiwọn sọ pé àbájáde ẹ̀jẹ̀ lè fi ọjọ́ 16 ṣáájú. Fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti ràn dé egungun rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí jù lọ nìyí. Àwọn oògùn kan wà tó ń ru agbára ara sókè kí ó lè bá jẹjẹrẹ jà, wọ́n sì máa ń ràn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í sábà ṣiṣẹ́ lára ẹni tí EGFR rẹ̀ ti yí padà, bí wọ́n bá sì kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá gbé osimertinib lé e láìpẹ́ sí i, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè wú débi tí èémí yóò fi di ogun. Nítorí náà, kí ìyá tó gba oògùn èyíkéyìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé: "Ṣé àbájáde jíìnì ti dé?" Bí ara wọn bá ṣì lè dúró, ẹ bá wọn dúró dè é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin dókítà wa, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá mi dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò rí nǹkan kan. Kẹmó, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bàbá ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, àwọn kò gba kẹmó mọ́. *(Ọmọkùnrin kan, Manchester)*

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá bàbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ṣe dá ìtọ́jú dúró. Àyẹ̀wò yìí kò sọ pé jẹjẹrẹ ti lọ, ohun tó sọ kò ju pé wọn kò rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà. A lè ti ojúde gbọ́ òórùn ọbẹ̀ kí á sì mọ̀ pé wọ́n ń dáná nínú ilé, ṣùgbọ́n àìgbọ́ òórùn kò fi hàn pé iná ti kú ní àdògán. Nínú èèyàn 10 tí àyípadà EGFR wà lára wọn lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ lè má fi í hàn lára 2 tàbí 3. Àwọn jẹjẹrẹ kan kì í da DNA púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tó kéré tàbí èyí tó jẹ́ inú ọpọlọ nìkan ló ràn dé.

Ti bàbá tún ní ìdí mìíràn. DNA jẹjẹrẹ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ara ń gbá a dànù. Bí kẹmó bá ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù gidigidi, ìdí nìyí tó fi dára jù kí a gba ẹ̀jẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, tàbí nígbà tí àrùn bá tún gbérí. Ẹ béèrè ohun méjì: ṣé DNA jẹjẹrẹ kankan hàn rárá nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣé ẹran ara tí wọ́n gé nígbà àkọ́kọ́ sì ṣẹ́kù tí wọ́n lè fi wá jíìnì? Bí DNA jẹjẹrẹ bá hàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí àyípadà EGFR tàbí ALK nínú rẹ̀, ó ṣeé gbára lé díẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá hàn, a jẹ́ pé àyẹ̀wò náà kò tíì dáhùn ìbéèrè wa.

Èyí tí wọ́n bá rí ṣeé gbà gbọ́ ju èyí tí wọn kò rí lọ. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà fúnra rẹ̀ máa ń ní àyípadà jíìnì tí kò kan jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí ló yẹ kó ka ìwé náà.

ÌBÉÈRÈ: Oògùn ikọ́ ife ni wọ́n fi tọ́jú àbúrò mi ọkùnrin fún oṣù mẹ́fà, kò sàn, ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Dókítà ní a lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò jíìnì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ṣé kí á ta ilẹ̀ wa? *(Arábìnrin kan, Ìbàdàn)*

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn mí pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, nítorí pé ikọ́ ife pọ̀ láàárín wa, àwọn àrùn méjèèjì sì jọra wọn nínú fọ́tò àyà. Ẹ má tíì ta ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹran ara tí wọ́n fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni ṣì wà nílé ìwòsàn, nítorí pé wọ́n lè yẹ EGFR nìkan wò lára rẹ̀, owó èyí sì kéré sí ti àyẹ̀wò tó ń wá ọ̀pọ̀ jíìnì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé bí wọ́n bá rí i, oògùn wo ni agbára yín ká láti máa rà lóṣooṣù? Àyẹ̀wò tí kò sí oògùn lẹ́yìn rẹ̀ yóò jẹ owó yín lásán. Erlotinib, ọ̀kan nínú àwọn oògùn EGFR ti àtijọ́, wà nínú àwọn oògùn kòṣeémánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ láti ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti ń ṣe òun àti gefitinib, irú oògùn kan náà, báyìí, nítorí náà owó wọn kéré sí ti osimertinib. Wọ́n kì í tó o lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ṣiṣẹ́ lára ẹni tí àyípadà EGFR tó wọ́pọ̀ wà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá wá pinnu láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, ẹ rí i pé ìgò pàtàkì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe kì í sínú yìnyín, kí wọ́n má sì gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀ tí yóò fi wà nílẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ẹ gba ẹ̀dà àbájáde náà lódindi, kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan, nítorí pé dókítà yóò tún nílò rẹ̀ bí oògùn bá dẹ́kun ṣíṣe iṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti mọ ohun tó yí padà.