Òkun Zanzibar lóṣù Kẹjọ: òtútù kọ́ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ ṣe àjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó wa ní Zanzibar lóṣù Kẹjọ. Inú púùlù ní Ìbàdàn níbí la ti kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, a ò wọ òkun rí. Wọ́n ní ìgbà òtútù ni lọ́hùn-ún nígbà yẹn, ara ìyàwó mi ò sì gba òtútù. Paje ni òtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn wà. Ṣé ká lọ? (Baba Ìbejì, Bódìjà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, Baba Ìbejì. Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì.

Ẹ lọ. Lóòótọ́ ìgbà òtútù wọn ni, àmọ́ kò ju pé omi òkun á wálẹ̀ sí nǹkan bí digíríì 25 tàbí 26 lọ. Omi tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje lílúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, 25 sí 28 náà ni. Ẹni tó ti bọ́ sínú púùlù Ìbàdàn láàárọ̀ oṣù Kẹjọ, tí òjò ń sẹ̀ wínníwínní, kò ní ka ìyẹn sí. Ìgbà tí Ìyá Ìbejì bá jáde nínú omi ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní kusi, láti gúúsù ló ń fẹ́ wá lásìkò náà, etí òkun Paje ò sì ríbi sá sí. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn dání.

Ohun tẹ́ ò bi mí gan-an ló ṣe pàtàkì: ní Paje, òkun máa ń lọ sájò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Ní Èkó, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ, ẹ lè má fura. Ní Zanzibar, ó lè tó mítà 4 nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú. Ìhà Paje sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí omi bá ti fà, iyanrìn lọ súà ló kù, àwọn obìnrin ìlú á sì rìn lọ sóko ewé òkun tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ á wá dà bí àlejò tó dé òde àríyá lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ abọ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì ní wákàtí tí omi ń kún kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́: bó bá kún láago 9:00 lónìí, nǹkan bí 9:50 ni lọ́la. Bẹ́ ò bá fẹ́ ka aago, ẹ lọ sí Nungwi tàbí Kendwa lápá àríwá, omi ibẹ̀ ṣeé wẹ̀ nígbàkigbà. Owó ibẹ̀ lè ga jù, èrò á sì pọ̀.

Síbẹ̀, Paje ni màá mú fún ẹni tí ò wọ òkun rí. Òkúta iyùn tó wà lókèèrè ń gba ìgbì mọ́ra, omi tó wà láàárín òkúta náà àti etí òkun á wá rọlẹ̀ ju ti Èkó lọ fíìfíì. Ẹ má ṣáà sún mọ́ àlàfo àárín òkúta yẹn nígbà tí omi bá ń fà, ibẹ̀ ló ń gbà jáde, ó sì lágbára. Ẹ wọ bàtà rọ́bà wọnú omi. Ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó rí bí òòrẹ̀ kékeré, mo ti fi tweezers yọ ẹ̀gún rẹ̀ lẹ́sẹ̀ èèyàn rí, igbe lẹni náà ń ké.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ̀yin méjèèjì lè fi ẹ̀yìn léfòó lójú omi fún ìṣẹ́jú 10 láìdi ògiri púùlù mú. Òkun ò ní ògiri.